Bí A Ṣe Ń Ṣètò Owó Oúnjẹ Kí A Tó Lọ Gbafẹ́ ní Walt Disney World

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, mo da gbogbo rìsíìtì tó wà nínú báàgì mi sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún tí a kó wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé oúnjẹ gidi kọ́ ló jẹ ẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju iye tí mo ti kọ sílẹ̀ nílé lọ. Àwọn rìsíìtì kéékèèké ló pọ̀ bí èèrà: omi inú ike mẹ́rin, áìsìkiriimù mẹ́rin, gúgúrú, omi inú ike mẹ́rin mìíràn. Mo wá wo àkókò tí wọ́n tẹ̀ sí ara wọn. Aago mọ́kànlá àárọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí a ń dúró de iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kìíní náà ló rí lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi "ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́" ṣírò owó oúnjẹ ọgbà ìgbafẹ́ mọ́. Wákàtí tí ebi àti òǹgbẹ máa ń mú wa ni mo fi ń ṣírò. A ti padà lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, owó kò sì já wa sójú ọ̀nà mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Kí n tètè sọ ohun kan nípa ibẹ̀, nítorí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ Walt Disney World ní Orlando, ìpínlẹ̀ Florida, tó nǹkan bí éékà 25,000. Ọgbà ńlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Magic Kingdom tí wọ́n ṣí ní 1971, EPCOT ní 1982, èyí tí à ń pè ní Hollywood Studios lónìí ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998. Wọ́n jìnnà síra wọn débi pé bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ mìíràn ló ń gbé èèyàn láti ọ̀kan dé òmíràn. Ẹni tó bá ní òun á sáré padà sí òtẹ́ẹ̀lì lọ jẹun ọ̀sán kó tó padà wá, wákàtí méjì lè bá a lọ lórí ìrìn nìkan. Bí ẹ bá ti wọlé láàárọ̀, ohun tó wà nínú báàgì yín àti ohun tí wọ́n ń tà nínú ọgbà ni ẹ ní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí wọ́n gbà kí ẹ gbé wọlé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé Disney gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọ inú ọgbà. Èmi náà kò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́, àìmọ̀ yẹn sì ná mi lówó ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹ lè gbé búrẹ́dì, èso, ẹ̀pà, bisikíìtì, omi àti ohun mímu tí kò ní ọtí nínú wọlé. Kúlà náà kò burú, bí kò bá ti ju ínṣì 24 ní gígùn, 15 ní fífẹ̀ àti 18 ní gíga lọ. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni ọtí, ìgò (àyàfi ìgò kékeré tí oúnjẹ ọmọ ọwọ́ wà nínú rẹ̀), oúnjẹ tó jẹ́ pé ẹ ní láti gbé e kaná kí ẹ tó jẹ ẹ́, àti oúnjẹ tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Wọn kò tún fẹ́ áìsì tó wà ní túká nínú kúlà. Ẹ lo èyí tí wọ́n dì sínú ike pátápátá, tó jẹ́ pé bó bá yọ́, inú ike rẹ̀ náà ló máa wà. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ti ṣí kúlà sílẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ní kí ẹ ṣí i. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fìrí, ẹ ó sì kọjá.

Ẹ má fi òfin ibí yìí ṣe òfin ibi gbogbo o. Universal Orlando, ọgbà ìgbafẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn, wà nítòsí, ọ̀pọ̀ ìdílé sì máa ń pa méjèèjì pọ̀ nínú ìrìn àjò kan, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọgbà Epic Universe níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2025. Tiwọn le díẹ̀: wọ́n gba omi, ìpápánu kéékèèké, oúnjẹ ọmọ ọwọ́ àti oúnjẹ ẹni tí dókítà fún ní òfin oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn kò gba kúlà líle tàbí oúnjẹ ọ̀sán odidi. Nítorí náà, owó ọjọ́ Universal gbọ́dọ̀ ju ti ọjọ́ Disney lọ nínú ìwé yín.

Omi ńkọ́? Omi inú ike kan nínú ọgbà ń sún mọ́ dọ́là mẹ́rin. Èèyàn mẹ́rin tó bá ra mẹ́ta mẹ́ta lóòjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná àádọ́ta dọ́là lórí omi lásán. Bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ń ta oúnjẹ lórí káńtà, tí wọ́n sì ní ẹ̀rọ tí ń pọn ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n máa ń fún èèyàn ní kọ́ọ̀pù omi tútù tó ní áìsì lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ kò tilẹ̀ ra nǹkan kan. Ẹ ṣáà béèrè. Ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń rọ omi sínú ike ara rẹ̀ náà wà káàkiri. Omi ẹ̀rọ Florida ní adùn tirẹ̀ tó lè má bá yín lẹ́nu mu. Ọmọ mi kékeré tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìyẹ̀fun ohun mímu inú páálí kékeré tí a ń dà sínú omi ló yanjú ìyẹn. Páálí kan kò tó ìdajì owó omi ike kan, ó sì tó wa fún ọjọ́ méjì. Lóṣù keje, tí oòrùn Orlando bá ń gbóná tó ìwọ̀n 33, ẹ kò ní mu omi kan ṣoṣo. Ẹ ṣètò fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ wákàtí sílẹ̀, kí ẹ tó kọ owó

Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ wákàtí ọjọ́ kan láti ìgbà tí ẹ máa jí títí di ìgbà tí ẹ máa sùn. Ẹ wá bi ara yín pé: aago mélòó ni ebi máa ń pa àwọn ọmọ nílé? Ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé ìrìn inú ọgbà kì í ṣe ìrìn kékeré, ebi á yá ju ti ilé lọ.

Ní tiwa, ibi mẹ́fà ló jáde lórí ìwé: aago méje àárọ̀, mọ́kànlá, ọ̀kan ọ̀sán, mẹ́ta sí mẹ́rin, mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àti mẹ́sàn-án alẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ni mo ti ń ṣírò tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí mi ò kà sí ló fi owó mi ṣe ìjẹ.

Níwájú wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: yàrá, báàgì, tàbí ọgbà. Yàrá ni ohun tí ẹ máa jẹ ní òtẹ́ẹ̀lì. Báàgì ni ohun tí ẹ gbé dání. Ọgbà ni ohun tí ẹ máa rà. Ìlànà tèmi ni pé "ọgbà" kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ lóòjọ́. Ẹlòmíràn lè fi ṣe mẹ́ta, kò sí ẹni tó máa mú un. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ ti yàn án nílé, nígbà tí ikùn yín kún, tí orí yín sì pé. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ń pa nínú oòrùn, tí ọmọ méjì ń fà láṣọ, kò lè dúró wo iye tí wọ́n kọ sára nǹkan.

Aago mọ́kànlá ni kí ẹ mú ní pàtàkì. Bí àwọn ọmọ bá ti rí nǹkan pa ẹnu dà ní aago mọ́kànlá, ìbáà ṣe ápù kan àti bisikíìtì méjì, oúnjẹ ọ̀sán lè dúró di aago méjì. Ìgbà yẹn ni èrò ti dín kù, tí àga wà, tí ẹ lè fara balẹ̀ jókòó síbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà nígbà tí oòrùn bá le jù. Òjò Florida nígbà ooru tún fẹ́ràn àti máa rọ̀ lọ́sàn-án, ó sì sàn kó bá yín lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú àwo oúnjẹ níwájú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iye tí wọ́n kọ kọ́ ni iye tí ẹ máa san

Oúnjẹ inú ọgbà pé oríṣi méjì. Èkíní ni ti orí káńtà: ẹ rà á, ẹ gbé e, ẹ wá àga jókòó. Ibi bíi Cosmic Ray's Starlight Cafe tàbí Columbia Harbour House ní Magic Kingdom nìyẹn, àti Flame Tree Barbecue ní Animal Kingdom. Èkejì ni ti orí tábìlì, tí ẹnìkan máa ń gbé oúnjẹ wá bá yín. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì nínú owó ju ohun tí ojú ń rí lórí ìwé oúnjẹ lọ.

Owó orí wà lórí méjèèjì. Ní Orange County, níbi tí ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, owó orí ọjà jẹ́ 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún: mẹ́fà ti ìpínlẹ̀, ìdajì ti àgbègbè. Wọn kì í kà á mọ́ iye tí wọ́n kọ síta, ìgbà tí ẹ bá ń sanwó ló máa yọjú. Ti orí tábìlì tún ní tíìpù, ìyẹn owó tí a ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó bá wù mí. Òfin gbà kí owó oṣù àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kéré nítorí pé tíìpù ni wọ́n fi ń gbé e dé ojú ìwọ̀n, nítorí náà ẹ ṣètò láàárín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Disney fúnra rẹ̀ á ti fi 18 kún un. Ẹ wo rìsíìtì dáadáa kí ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì; mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni, kò sì fẹ́ kí n máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i. Ká ní bàbá, ìyá, ọmọ ọdún 12 àti ọmọ ọdún 7 fẹ́ lọ jẹun níbi tí Mickey, eku inú eré Disney, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń wá kí èèyàn nídìí tábìlì. Ká kọ 60 dọ́là fún àgbà, 40 fún ọmọdé. Ẹ rántí pé lójú Disney, ọmọdé ni ọdún 3 sí 9. Ọmọ ọdún 12 ti di àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin kan àti wọ́fù ìdajì ló máa jẹ. Nítorí náà àgbà mẹ́ta ni 180, pẹ̀lú 40, ó di 220. Owó orí: 14.30. Tíìpù 18 nínú ọgọ́rùn-ún: 39.60. Gbogbo rẹ̀: 273.90. Ẹni tó kọ 220 sínú ìwé rẹ̀ ti jẹ gbèsè bí 54 dọ́là kó tó jókòó.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í san nǹkan kan níbi irú oúnjẹ àjẹtẹ́rùn bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yín bá fẹ́ pé mẹ́ta láìpẹ́, ẹ wo ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́ ìrìn àjò.

Gbogbo ìwé oúnjẹ wọn, pẹ̀lú iye owó, wà lórí wẹ́ẹ̀bù Disney àti lórí áàpù My Disney Experience. Ẹ jókòó nílé kí ẹ kà á bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò. Àwọn owó tí mo ń kọ síbí yìí, owó ìṣirò tèmi ni wọ́n. Ẹ fi èyí tí ẹ bá rí lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣe tiyín rọ́pò wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fíríìjì yàrá ni ilé ìdáná yín

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì Disney ní fíríìjì kékeré nínú yàrá. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ọgbà náà ní in, àwọn kan tilẹ̀ tún ní maikirowéèfù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó ronú nípa ọgbà rárá, ẹ wá oúnjẹ sínú fíríìjì yẹn. Bí ẹ bá háyà ọkọ̀, àwọn ilé ìtajà Walmart, Target, Aldi àti Publix wà káàkiri Orlando. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀, ẹ lè rà á lórí fóònù kí wọ́n gbé e wá sí òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba ẹrù á gbà á pamọ́ dè yín. Ẹ béèrè bóyá òtẹ́ẹ̀lì máa gba owó díẹ̀ lórí ìyẹn. Florida kì í gba owó orí lórí ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí a kò tíì sè tí a rà ní ilé ìtajà, èrè mìíràn nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń rà kò pọ̀: búrẹ́dì méjì, bọ́tà ẹ̀pà, wàràkàṣì tí wọ́n ti gé, ẹran tútù tí wọ́n ti gé pẹlẹbẹ, ápù àti ọsàn, kọnfíléèsì àti mílíìkì, ẹ̀pà, bisikíìtì, gúgúrú inú ọ̀rá, àti páálí omi ńlá kan. Mo máa ń ra ọ̀rá tí ẹnu rẹ̀ ń pa dé pẹ̀lú. Láìsí ọ̀rá yẹn, gbogbo ètò yìí á dàrú; búrẹ́dì tí omi áìsì ti wọ̀ kò ṣeé fi lọ ẹnikẹ́ni.

Alẹ́ ni kí ẹ ti ṣe sáńwíìṣì ọjọ́ kejì. Ẹ má sọ pé ẹ máa ṣe é láàárọ̀. Láàárọ̀, ẹnìkan á máa wá bàtà, ẹnìkan á máa sunkún, bọ́ọ̀sì á máa lọ. Nígbà kan, mo ṣe sáńwíìṣì mẹ́jọ lálẹ́, mo tò ó sínú fíríìjì, ó wù mí láti máa wò ó. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa jáde, a dé Animal Kingdom, mo ṣí kúlà, áìsì nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá wọn kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ tò sí ìlà lẹ́nu káńtà. Láti ìgbà yẹn, inú fíríìjì ni mo máa ń sọ káàdì tí a fi ń wọ ọgbà sí lálẹ́, lórí sáńwíìṣì gan-an. Kò sí ẹni tó lè jáde láìmú un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣe àpapọ̀ ọjọ́ kan

Pẹ̀lú ìdílé mẹ́rin kan náà, ẹ wo bí ọjọ́ kan ṣe rí. Oúnjẹ àárọ̀ nínú yàrá, dọ́là 4 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: 16. Èso àti bisikíìtì aago mọ́kànlá láti inú báàgì, 2 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: 8. Oúnjẹ ọ̀sán orí káńtà, 18 fún àgbà mẹ́ta àti 10 fún ọmọdé, omi ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa fi sùn ún: 64. Ohun dídùn aago mẹ́ta, 8 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: 32. Sáńwíìṣì ìrọ̀lẹ́, 6 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: 24. Ẹ̀pà àti gúgúrú aago mẹ́sàn-án: 4. Ó di 148. Owó orí wà lórí 96 tí a ná nínú ọgbà nìkan, ìyẹn 6.24. A wà ní 154.24. Mo máa ń fi 15 lé e fún ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀, bí ọmọ tó da àwo rẹ̀ nù, kí n wá pè é ní 170.

Ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 850. Bí ẹ bá wá fi oúnjẹ Mickey ti 273.90 sí ọjọ́ kan, ẹ mú un ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, kó lè dípò oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyẹn 84.16 pẹ̀lú owó orí. Ohun tó máa lé ni bí 190. Gbogbo ìsinmi yín: 1,040 dọ́là. Iye yìí lè pọ̀ tàbí kó kéré lójú yín, ṣùgbọ́n ó ti ṣeé jókòó lé lórí báyìí. Bó bá pọ̀ jù, ẹ padà sórí ìwé wákàtí, kí ẹ sọ "ọgbà" kan di "báàgì". Ẹ má ṣe kàn gé owó náà lápapọ̀ kí ẹ wá máa retí pé ebi máa gbọ́.

Àwọn ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dín oúnjẹ orí káńtà kù láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n lára. Àgbà náà lè ra oúnjẹ ọmọdé lórí káńtà, kò sí ẹni tó máa bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀. Àwo ẹran Flame Tree tóbi débi pé èmi àti ọmọ mi máa ń pín ọ̀kan jẹ. Bí ẹ bá ń ti orí fóònù ra oúnjẹ, ẹ lè wo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú iye tó dà kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, láìsí ẹni tó ń dúró lẹ́yìn yín. Èyí nìkan ti dín ìnáwó mi kù, nítorí pé lẹ́nu káńtà ojú máa ń tì mí láti sọ pé "ẹ yọ ìyẹn kúrò."

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ètò oúnjẹ àsansílẹ̀, ṣé ó pé yín?

Disney ní ètò tí èèyàn fi ń san owó oúnjẹ sílẹ̀ kó tó dé, fún àwọn tó ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì wọn. Wọ́n dá a dúró ní 2020, wọ́n sì dá a padà ní oṣù kìíní 2024 ní oríṣi méjì. Ti orí káńtà ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ méjì àti ìpápánu kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sùn. Èkejì fi oúnjẹ orí tábìlì kan rọ́pò ọ̀kan nínú méjì yẹn. Àwọn méjèèjì ń fún èèyàn ní kọ́ọ̀pù kan tí ó lè máa rọ ohun mímu sí ní òtẹ́ẹ̀lì. Kọ́ọ̀pù yẹn kò ṣiṣẹ́ nínú ọgbà, ẹ má ṣe àṣìṣe yẹn.

Ní 2024, ti orí káńtà jẹ́ 57.01 dọ́là lórí àgbà àti 23.83 lórí ọmọdé fún alẹ́ kan. Fún ìdílé wa, 194.86 lálẹ́ kan nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn ra oúnjẹ orí káńtà ẹ̀ẹ̀mejì àti ìpápánu kan, pẹ̀lú owó tí mo lò lókè, 160 ni, owó orí sọ ọ́ di 170.40. Ètò àsansílẹ̀ ọdún yẹn fi bí 24 dọ́là ju bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Èrè rẹ̀ wà lára ohun mímu, nítorí pé ó kà á mọ́ oúnjẹ, títí kan bíà tàbí wáìnì fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Ẹni tó máa mu un lójoojúmọ́, tó sì máa ń mú ohun tó wọ́n jù lórí ìwé, lè jèrè. Ìdílé tó ń mu omi ọ̀fẹ́, tó sì ń gbé búrẹ́dì dání, kò ní rí i gbà padà. Owó ọmọdé ọdún yẹn dára gan-an lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí ẹ rà á fún ọmọ nìkan: gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá tó ti pé ọdún 3 ló máa wọ̀ ọ́. Bí oúnjẹ tí ẹ san sílẹ̀ bá sì kù, ó parí ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ tí ẹ bá kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àwọn tó ń kó suwíìtì inú páálí lọ́wọ́ méjèèjì lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ní tèmi, ẹni tí kò fẹ́ ronú nípa owó rárá nígbà tó bá ti débẹ̀ ni ètò yìí tọ́ sí. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, àmọ́ kó mọ̀ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ lòún rà.

Ìgbésẹ̀ keje: oúnjẹ orí tábìlì ní ọjọ́ tirẹ̀

Ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n máa ń ṣí àyè sílẹ̀ láti mú àga. Ẹni tó bá ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì Disney lè mú ti gbogbo ọjọ́ tó máa lò lẹ́ẹ̀kan náà, títí dé ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, ẹ fagi lé e kó tó ku wákàtí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ náà á yọ dọ́là 10 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń wù mí láti mú ibi tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì, bíi Chef Mickey's ní Contemporary Resort, ju èyí tó wà nínú ọgbà lọ. Kò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lè lò ó lọ́jọ́ tí ẹ dé tàbí lọ́jọ́ tí ẹ kò lọ sí ọgbà kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ fi owó ohun dídùn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ra káàdì ẹ̀bùn Disney fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi owó ohun dídùn gbogbo ọjọ́ sí i, 8 dọ́là ní ìlọ́po márùn-ún, ìyẹn 40. Ẹ wá sọ fún wọn pé tiwọn ni o, bó bá tán, ó tán, bó bá sì kù, wọ́n lè fi ra ohun ìṣeré lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ọmọ mi kékeré tó ti ń pariwo áìsìkiriimù ní gbogbo ìkóríta tẹ́lẹ̀ dúró níwájú kẹ̀kẹ́ áìsìkiriimù olórí Mickey, ó wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, ó wo áìsìkiriimù, ó tún wo káàdì.

"Mọ́mì, tí mi ò bá ra eléyìí, èló ló máa kù?"

Mo ṣírò fún un. Ó ronú. "Ẹ fún mi ní ápù."

EPCOT nìkan ni mo ti máa ń fi kún owó ohun dídùn, fún àwa àgbà pàápàá. Apá kan wà níbẹ̀ tí orílẹ̀-èdè 11 ti ní àyè yí odò ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀. Nígbà ọdún oúnjẹ, àwọn ìsọ̀ kéékèèké á tún pọ̀ sí i, àwo kékeré kékeré lójú owó tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Mẹ́fà nínú àwo kékeré yẹn ju oúnjẹ ọ̀sán kan lọ. Ẹ sọ ọ́ di oúnjẹ ọ̀sán yín lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ ẹ́ lé oúnjẹ ọ̀sán lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́

Kí ẹ tó sùn, ẹ ro rìsíìtì ọjọ́ náà pọ̀, kí ẹ yọ ọ́ nínú 170. Bí ìnáwó bá fi 20 ju 170 lọ, ọ̀la á ní "ọgbà" kan ṣoṣo. Bó bá kù, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ má wá nǹkan tí ẹ máa fi í rà. Ẹ ṣí fíríìjì wò bóyá búrẹ́dì kù. Ó parí.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹ jẹ ohun tó bá kù nínú fíríìjì tán kí ẹ tó kó ẹrù. Èso àti sáńwíìṣì lè bá yín wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ láàárín Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ohun mímu tó bá ju mílílítà 100 lọ kò lè kọjá níbi àyẹ̀wò, bọ́tà ẹ̀pà náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà sí omi. Mi ò mọ̀. Mo dúró níbẹ̀ ní ẹsẹ̀ lásán, bàtà mi wà nínú abọ́ ike, mo ń wo ìkòkò bọ́tà ẹ̀pà tí a kò tíì dá ẹnu lé bó ṣe ń wọ inú garawa pàǹtírí. Bàbá wọn wò mí, ó tún rẹ́rìn-ín.